Ìlà Tó Wà Lábẹ́ Àtẹ Kẹrin

Olùkọ́ tó le ni wọ́n ń pè mí ní Zaria níbí, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀, torí pé ó dùn ún gbọ́ ju ìkà lọ. Ìkà ni mí. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣépè fún mi tètè ṣẹ́ ẹ tán, kí a lè ráyè sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ ìlà kan ṣoṣo ni, èyí tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, lábẹ́ àtẹ kan nínú ìwé ìyá kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń kọ́ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni pé kí n máa bójú tó àwọn tó ń kọ ìwé àṣekágbá, pàápàá àwọn tó ń ṣe másítà. Mo máa ń kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tèmi gan-an, tí wọ́n fi ń bẹ̀rù mi, ni ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ sábẹ́ àtẹ. Àtẹ ni àwọn ìlà àti òpó tí a máa ń to nọ́ńbà sí nínú ìwé. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo jáde lọ, tí eruku bo ẹsẹ̀ rẹ, tí o bi ènìyàn ní ìbéèrè tí o sì ka iye wọn, wàá kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ náà pé ìwọ ni. Bó bá jẹ́ pé inú ìwé ẹlòmíì lo ti rí i, wàá kọ orúkọ onítọ̀hún, ọdún tó kọ ọ́, àti ojú ewé tí o ti bá a. Bí o bá yọ òpó kan kúrò tàbí o fi kan kún un, wàá sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n àwa níbí, a ní àṣà kan. Fíìdì sọ́fè là ń pè é. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kó àwọn nọ́ńbà náà wá. Gbogbo àtẹ tó bá ti wà nínú ìwé àṣekágbá, fíìdì sọ́fè ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ tiwọn, ì báà jẹ́ ti ìjọba, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n bá nínú ìwé ìròyìn. Àwọn atẹ̀wé tó wà ní Samaru, níbi tí a ti ń tẹ ìwé wa, kì í tilẹ̀ bi ọ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti tẹ àtẹ tán, ọwọ́ wọn á ti tẹ fíìdì sọ́fè kí ojú wọn tó dé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àtẹ kan wá fún mi rí, inú ìwé tí wọ́n kọ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ ló ti dà á kọ, fíìdì sọ́fè ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bi í lójú gbogbo kíláàsì pé, "Ọjọ́ tí o lọ sí pápá yẹn, inú ta lo wà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọkùnrin gìrìwò náà bú sẹ́kún. Ó dùn mọ́ mi.

Mo lẹ́nu láti bi í bẹ́ẹ̀, àbí? Ó dáa, ẹ gbọ́ tèmi.

Nígbà tí èmi fúnra mi ń kọ ìwé dókítà mi, yàrá kan ni mo háyà ní Kwangila, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táyà àlòkù. Mo ní mo fẹ́ ṣèwádìí nípa àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní àdúgbò Dakace ní Zaria níbí: ibi tí wọ́n ti ń fún epo ẹ̀pà, ibi tí wọ́n ti ń di omi sínú ọ̀rá, ibi tí wọ́n ti ń rán àpò. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn bí wọ́n bá lóyún, bóyá wọ́n máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá bímọ. Ìbéèrè gidi ni. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi lọ bi í. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mẹ́gáàdì kan ní kí n dúró, mo dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi ṣíwọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá kan sọ fún mi lédè Hausa pé iṣẹ́ ló gbé àwọn obìnrin òun wá, kì í ṣe ẹjọ́ rírò. Hausa tèmi nígbà yẹn kò kọjá ká fi ra tòmátì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo padà sílé, mo ń bú u lédè Yorùbá lójú ọ̀nà.

Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ra bírò mẹ́ta, dúdú, búlúù àti èyí tó ní àwọ̀ ewé. Mo gbé àwo ẹ̀wà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ́ gbogbo fọ́ọ̀mù ìbéèrè sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń dá ara mi lóhùn. Mo fi ọwọ́ òsì kọ àwọn kan kó lè dà bíi pé ẹni tí kò kàwé ló kọ ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ta epo ẹ̀wà sára díẹ̀. Mo ń kọrin bí mo ṣe ń ṣe é, kí n má purọ́ fún yín. Inú àwọn fọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn ni mo ti yọ àtẹ kan tó fi hàn pé púpọ̀ jù nínú àwọn obìnrin Dakace ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, tí ọ̀gá wọn sì ń gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Mo kọ fíìdì sọ́fè sábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n fún mi ní dókítà, wọ́n gbé ìwé náà sí láíbìrì, èmi náà sì gbàgbé.

Ìyá tí mò ń sọ yìí, ọmọ Kogi bíi tèmi ni, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé Zaria láti wá kàwé, tí mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú fún odindi ọdún mẹ́ta. Bí mo bá fẹ́ máa lọ, á bu ìyókù sínú kúlà, á ní, "Gbé e, o rù jù. Bí ìyá rẹ bá rí ọ báyìí, èmi ni yóò bú." Mummy ni mo ń pè é, bí gbogbo èwe ìjọ ṣe ń pè é. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ó mọ tinú-tòde rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní wọn kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dáírẹ́kítọ̀ bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí másítà. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ṣoṣo ló kù tó lè bá a lẹ́nu iṣẹ́, ìparí ọdún yẹn sì ni. Bí ìwé ẹ̀rí bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, ó di dáírẹ́kítọ̀. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó parí nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta fi wọ kíláàsì, tó jókòó sáàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ. Wọ́n sì pín in fún mi.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì mi gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ma." Mummy mi! Ó yẹ kí n sáré dìde, kí n gbá a mú. Mo ní, "Ẹ jókòó, màdáámù." Mo ń wo ìwé tó wà níwájú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dùn, irọ́ ló ń pa.

Akẹ́kọ̀ọ́ gidi ni, ó ń bí mi nínú. Gbogbo ohun tí mo bá fi bírò pupa kọ sí etí ìwé rẹ̀ ni yóò tún ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìsinmi ìbímọ. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì wọn, ó kọ ohun tí wọ́n sọ, ó sì to àtẹ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tó dé orí kẹrin, ó fẹ́ fi wọ́n wé àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún aládàáni. Ó lọ sí láíbìrì láti wá ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀. Ìwé mi ló bá pàdé.

Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín lọ́jọ́ náà. "Ma! Inú ìwé yín ni mo ti rí ohun tí mò ń wá o! Mo pariwo ní láíbìrì, wọ́n ní kí n panu mọ́. Ẹ wò ó, àtẹ kẹrin. Mo ti kọ orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà."

Mo wò ó. Orúkọ mi rèé, ọdún rèé, ojú ewé rèé. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ pé òun yọ òpó kan kúrò nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ni, mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe é pé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tó fà á ni pé olùdánwò tí yóò ti òde wá lọ́dún náà, èyí tí a ń pè ní ẹ́kítánà, ọkùnrin kan tó ní àrùn kan lára ni. Bó bá ti rí orúkọ lábẹ́ àtẹ, á béèrè fún ìwé tí wọ́n dárúkọ, á ṣí i, á tún nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, á ní kí wọ́n lọ gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè wá kí òun fojú rí i. Mo mọ ẹni tó ti gba ibẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Mo rí ara mi tí mò ń gbé àwọn fọ́ọ̀mù elépo tí mo fi bírò mẹ́ta kọ síwájú rẹ̀.

Mo mú bírò, mo fa ìlà pa orúkọ mi rẹ́. "Ẹ yọ ọ́ kúrò, màdáámù."

"Háà! Ma, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé..."

"Mo mọ ohun tí mo kọ́ yín. Wọ́n á ní mò ń fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ mi. Ẹ yọ ọ́."

"Tóò. Kí ni kí n wá kọ síbẹ̀?"

"Ṣé èmi ni mò ń bá yín kọ ìwé ni? Ẹ ti dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Ẹ ṣé, Ma," ó kó ìwé rẹ̀. Mo lè ní kó yọ àtẹ náà látòkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n á bi mí pé kí ló dé, mi ò sì ní èsì tó ṣeé sọ.

Ó gbé ìwé náà lọ sí Samaru, sọ́dọ̀ Malam kan tó ti ń tẹ̀wé fún àwa èèyàn láti ìgbà tí èmi náà ti ń kàwé. Ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ dé àtẹ kẹrin, ó rí i pé àwọn yòókù ní fíìdì sọ́fè lábẹ́, eléyìí nìkan ló ṣófo. Ó rò pé ìyá gbàgbé ni. Ó ṣàánú rẹ̀, ó bá a kọ ọ́ síbẹ̀, kò sì sọ fún un, torí kò rí i bí ohun tó yẹ ní sísọ. Màmá kò tún ibẹ̀ kà. Ó ti ka iṣẹ́ náà tó ìgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ọjọ́ sì ti ń lọ lé e lórí.

Nígbà tó gbé e dé kí n fọwọ́ sí i, mo rí ìlà náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bóyá mi ò rí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi irọ́ sí ìyá náà lẹ́nu. Mo tún mọ̀ pé kò sí ohun tó lè gbé ẹ́kítánà dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Mo fọwọ́ sí i, mo fi déètì síbẹ̀. Ó ní, "Olúwa á gbé yín ga, Ma." Mo ní àmín.

Àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni wọ́n ṣe dìfẹ́ńsì rẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti sọ bó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti búláòsì funfun bí ọmọ tó fẹ́ lọ ṣèdánwò. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta tó kù ń mi orí. Mo ti ń rò ó pé yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àṣírí mi á bò, òun náà á gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, gbogbo wa á relé. Lẹ́yìn náà ni ẹ́kítánà ṣí ojú ewé kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Màdáámù, òṣìṣẹ́ ìjọba ni gbogbo àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwọn obìnrin inú àtẹ kẹrin wá ń kọ́? Ilé iṣẹ́ epo, ilé iṣẹ́ omi. Wọ́n tilẹ̀ pọ̀ ju gbogbo àwọn tí ẹ ní ẹ bá sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Ọjọ́ wo lẹ lọ?"

Màmá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ìlà náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. "Sà, èmi kọ́ ni mo kọ èyí. Atẹ̀wé ló..."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í sọ pé atẹ̀wé ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, ibo lẹ ti rí i nígbà náà?"

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ma."

Ẹ́kítánà náà yíjú sí mi. "Dókítà, ẹ mọ ibi tó ti wá?"

Mo ní, "Rárá, sà. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni." Kò sẹ́ni tó bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣáà tún fi kún un: "Mo ti kìlọ̀ irú èyí fún wọn títí. Àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí kì í gbọ́ràn."

Ó yẹ kó pariwo. Ká ní èmi ni, màá ti ká ọwọ́ aṣọ mi, màá ti ka ẹ̀ṣẹ̀ onítọ̀hún sí i lójú láti ọjọ́ tó ti jẹ ìrẹsì mi àkọ́kọ́. Ó kàn ń wò mí. Mo rí ibi tí ó ti yé e. Kì í ṣe pé mo parọ́ nìkan ló yé e, ó yé e pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó kọjú sí wọn, ó ní, "Àṣìṣe mi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Àṣìṣe kọ́ nìyí, màdáámù. Olè jíjà ni. Ẹ jí iṣẹ́ ẹlòmíì, ẹ tún parọ́ lé e."

Olè. Sí ìyá tí ìdajì ìjọ ń kó ọmọ tì bí wọ́n bá rìnrìn àjò. Wọ́n ní bó bá fẹ́ kí ìwé rẹ̀ ṣeé gbà, kó lọ sí Dakace tó ní òun lọ, kó lọ kó àwọn nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, kó sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ ku oṣù méjì péré.

Ẹ rò pé àánú rẹ̀ ṣe mí? Inú ló bí mi. Nítorí pé kò dárúkọ mi ni inú fi bí mi. Ká ní ó bú mi ni, mo ti mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn. Ní ìjọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé kí n má baà pàdé rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìwé Mummy, mo fa èjìká, mo ní, "Ó fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ akọrin kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ó lọ sí Dakace lóòótọ́. Mo rò pé ẹnu géètì ni wọn yóò ti lé e bí wọ́n ṣe lé mi. Hàbá! Mo gbàgbé pé ìyá yìí gbọ́ Hausa ju àwọn onílé lọ. Kò tilẹ̀ wá ọ̀gá kankan lọ. Ó lọ jókòó lábẹ́ igi dongoyaro níbi tí àwọn obìnrin ti ń jẹun ọ̀sán, ó ń bá wọn ṣa ẹ̀pà, ó ń gbé ọmọ wọn jó, ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Odindi ọ̀sẹ̀ méje ló fi ṣe é, lẹ́yìn tó bá kúrò ní ọ́fíìsì tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ní ìjọ, mo máa ń rí i láti ẹ̀yìn tó bọ́ bàtà sábẹ́ àga.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà dé, ó sì kọjá. Ọkùnrin kan tí Mummy fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n sọ di dáírẹ́kítọ̀. Wọ́n ní ó lọ kí i kú oríire ní ọ́fíìsì, ó sì gbàdúrà fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bá mi. Ó tẹ́ bébà méjì sórí tábìlì mi, àtẹ tèmi lápá òsì, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lápá ọ̀tún. Kò sí ibi tí wọ́n ti jọra. Nínú tirẹ̀, àwọn obìnrin tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìbímọ kéré débi pé ó ń dun ojú. Bí oyún bá ti hàn ni wọ́n máa ń ní kí obìnrin má wá mọ́.

Ó ní, "Ma, mo rò pé bóyá ayé ti yí padà láti ìgbà tí ẹ̀yin lọ. Mo bi àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀nà àbáyọ ló ń là fún mi. Mo lè gbà á. Mo gbé ojú sókè, mo ní, "Ẹ ń pè mí ní òpùrọ́ ni?"

Ìyá náà kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, lórí símẹ́ńtì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú yẹn. "Ẹ gbà mí, Ma, mi ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kí ẹ sọ ohun tí màá kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi ni. Mi ò fẹ́ ṣàṣìṣe mọ́."

Mo jẹ́ kó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí mo fi ka àtẹ náà tán. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ kọ fíìdì sọ́fè. Ẹ ju tèmi nù." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ yìn ín. Ó gba ìwé ẹ̀rí másítà, ó sì fẹ̀yìn tì láìdi dáírẹ́kítọ̀. Ó fi ìwé ẹ̀rí náà kọ́ sára ògiri pálọ̀, mo gbọ́, mi ò dé ibẹ̀.

Ẹ dúró, ó kù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo ń wá bébà tí màá tẹ̀ jáde, torí mo fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àtẹ ìyá náà wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀. Mo kọ bébà yí i ká, bébà tó gbámúṣé. Nígbà tó kù kí n kọ ìlà abẹ́ rẹ̀, mo mọ ohun tó yẹ kí n kọ. Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Orúkọ rẹ̀, ọdún, ojú ewé. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo lọ sí Dakace. Wọ́n sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ, pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ìyá náà sì wà níbẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo bá a tó dúró níbi tí mo páàkì mọ́tò sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń kàwé ti fi bébà náà hàn án lórí fóònù. Mo ti ń to ohun tí màá sọ: pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ti olùkọ́ ni, pé kò sí ẹni tí kì í ṣe é.

Ó ní, "Mo rí àtẹ yẹn."

Mo ní, "Ẹn-ẹ́n?"

"Àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Mo ka obìnrin kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń fún epo láàárọ̀, á lọ di omi lọ́sàn-án, híjáàbù tó ń wọ̀ níbi méjèèjì yàtọ̀, mi ò dá a mọ̀. Ìgbà tí mo padà lọ kí wọn lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó rí i pé ẹnì kan náà ni. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bá mi tún un ṣe, jọ̀ọ́. Bí ẹnì kan bá lọ síbẹ̀ lọ kà wọ́n, orúkọ rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní òpùrọ́."

Mo wá ẹ̀gàn lójú rẹ̀, mo wá a dáadáa, torí ìyẹn ni ì bá gbà mí. Kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Mummy." Ó ní kí n wakọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ, ó ń tiro díẹ̀.

Kí n tó lè tún un ṣe, mo gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn tó tẹ bébà náà jáde. Wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ẹni tó jókòó lábẹ́ igi yẹn nìkan ló lè mọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, mo ti fà á ya, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mò ń kọ yìí kò tún nǹkan kan ṣe, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mi ò dárúkọ ara mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi tí mi ò dé rí ti ń lo àtẹ náà báyìí. Obìnrin yẹn ṣì jẹ́ ènìyàn méjì nínú rẹ̀.